Ìbọn Chassepot: ibi tí ìbọn àtijọ́ ń gbà lọ

Bí àwọn sójà bá yí irú ìbọn wọn padà, èyí àtijọ́ kì í kú lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jẹ́ ká wo Chassepot tí Faransé gbà fún sójà rẹ̀ ní 1866.

Ìwé ni wọ́n fi wé ẹ̀tù àti ọta rẹ̀ pọ̀. Abẹ́rẹ́ gígùn kan ló ń gún ìwé náà kí ìbọn tó dún. Òrùka rọ́bà kan ló ń dí ìdí ìbọn, kí iná má baà tú sójú ẹni tó ń yìn ín. Iná máa ń ba rọ́bà yìí jẹ́, wọ́n á sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀.

Ní 1874, Basile Gras, tóun náà jẹ́ sójà, tún ìbọn yìí ṣe kó lè máa yin ọta onídẹ. Idẹ ọ̀hún fúnra rẹ̀ ló ń dí ìdí ìbọn. Báyìí ni rọ́bà àti abẹ́rẹ́ gígùn ṣe di ohun tí kò wúlò mọ́. Kí ni wọ́n wá fi àwọn ìbọn tó wà nílẹ̀ ṣe?

Àkọ́kọ́, àtúnṣe. Faransé tún ọ̀pọ̀ Chassepot ṣe di Gras: igi ìbọn ò yí padà, àmọ́ wọ́n tún ibi tí ọta ń wọ̀ ṣe. Jámánì náà gé lára àwọn tó gbà lójú ogun 1870 kúrú fún sójà ẹlẹ́ṣin.

Èkejì, ọdẹ. Nígbà tí ìbọn Lebel dé ní 1886, Gras náà di àtijọ́. Àwọn tó ń ṣe ìbọn ní Saint-Étienne àti Liège sọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ di ìbọn ọdẹ.

Ẹ̀kẹta, títà. Àwọn oníṣòwò Jámánì ń ta ìbọn fún Dànhọ̀mẹ̀, ìjọba tó fọ́ Kétu ní 1886. Nígbà tí Faransé bá Béhanzin jà ní 1892, Chassepot wà lára ìbọn tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn sójà rẹ̀. Ìbọn tí Faransé ti pa tì ló tún kọjú sí Faransé.

Ohun tẹ́nì kan pè ní pàǹtí, ẹlòmíràn ń wá a kiri. Amẹ́ríkà pa ọkọ̀ òfurufú ogun F-14 tì ní 2006, ṣùgbọ́n Iran ṣì ń lo tirẹ̀ nígbà yẹn. Ìdí nìyí tí òfin Amẹ́ríkà ní 2008 fi ka títa ẹ̀yà ara F-14 léèwọ̀, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ fa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà ya wẹ́wẹ́.