Ọ̀rá tí Kì í Ṣe Náílọ́ọ̀nù

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ìlú mẹ́tàlá tó para pọ̀ di Ṣágámù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọjà obì ni wọ́n fi mọ Ṣágámù. Láyé àtijọ́, ewé tútù ni wọ́n fi ń tẹ́ inú agbọ̀n obì, kó má baà gbẹ kó tó dé ilẹ̀ Haúsá. Lónìí, ọ̀rá ti ń gba iṣẹ́ ewé. Ẹlòmíì á pè é ní náílọ́ọ̀nù. Èwo ló tọ̀nà nínú orúkọ méjèèjì?

Wallace Carothers àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní DuPont, ní Amẹ́ríkà, ló ṣe náílọ́ọ̀nù ní 1935. Náítírójìn wà nínú rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ obìnrin, okùn àti àwọ̀n ẹja ni wọ́n ń fi í ṣe. Ọ̀rá ọjà kì í ṣe ọmọ rẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rá ọjà ti wá. Ní oṣù kẹta 1933, Eric Fawcett àti Reginald Gibson, òṣìṣẹ́ ICI, kó gáàsì ethylene sínú ìkòkò irin, wọ́n fi agbára ńlá tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì mú un gbóná. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ohun funfun kan tó dà bí àbẹ́là ni wọ́n bá. Polyethylene nìyẹn. Kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn ló wà nínú rẹ̀: ẹgbẹẹgbẹ̀rún kábọ́ọ̀nù so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n. Irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀, tó kúrú jù ú lọ jìnnà, ló wà nínú àbẹ́là àti ọ̀rá ẹran. Ìdí nìyẹn tí omi kì í fi í wọ inú rẹ̀, tó sì ń léfòó. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní ọ̀rá kò ṣìwí.

Tí ẹ̀wọ̀n náà bá yọ ẹ̀ka púpọ̀, kò ní lè sún mọ́ra, ike náà á sì rọ̀, bí ọ̀rá pure water. Ní 1953, Karl Ziegler ní Jámánì rí ọ̀nà tí ẹ̀wọ̀n náà fi gún gbọọrọ. Ó fún mọ́ra, ike sì le: irú èyí ni kẹ́ẹ̀gì. Iná ń yọ́ méjèèjì, a sì lè tún wọn ṣe. Bakelite, tí Leo Baekeland ṣe ní 1907, yàtọ̀. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ti so pọ̀ bí àwọ̀n; tó bá ti le, iná kò lè yọ́ ọ mọ́, àfi kó jóná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í ṣe ọwọ́ ìkòkò.

Ibi tí orúkọ ọ̀rá ti já wa kulẹ̀ nìyí: ọ̀rá ẹran ń jẹrà, ewé ń jẹrà. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ọ̀rá ọjà gùn ju ohun tí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ lè tètè gé lọ. Ewé tí wọ́n fi di obì á ti di ilẹ̀dú, ọ̀rá á ṣì wà nínú gọ́tà, á máa dí omi lọ́nà. Nítorí náà, ẹ má dà á sí gọ́tà. Ẹ kó o jọ fún àwọn tó ń rà á. Ohun tí iná lè yọ́ ṣì lè di ike mìíràn.