Ta Ló Lanu Ògiri? Ìtàn Ọkọ̀ àti Olè ní Ìbàdàn

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní ọdún tó kọjá ni ó tó yé mi. Ní ọjọ́ náà, màmá mi wọ inú ọkọ̀ wọn ní iwájú ilé wa ní Agbowó láti gbé oúnjẹ tí wọ́n ti sè láti òru lọ fún àwọn oníbàárà wọn ní Bódìjà. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, iná tàn ní iwájú wọn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì kò dáhùn. Nígbà tí rẹwáyà dé, ó tú àpótí tí a máa ń kó ìwé ọkọ̀ sí, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì mirí. Ó ní, "Màmá, wọ́n ti yọ brain box lọ."

Brain box ni ọpọlọ ọkọ̀. Òun ló ń sọ fún ẹ́ńjìnì ìwọ̀n epo tí yóò fà àti ìgbà tí iná yóò ṣẹ́ sí i. Kò tóbi ju ìwé kan lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò bá ní in, irin lásán ni. Oúnjẹ ọjọ́ náà bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni màmá mi fi ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lórí ẹsẹ̀, owó tí wọ́n sì ti kó jọ fún ìdánwò WAEC mi ni wọ́n fi ra òmíràn.

Ohun tó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu ni pé olè náà kò fọ́ gíláàsì, kò sì já ilẹ̀kùn. Kíá ni àwọn ará àdúgbò ti rí ìdáhùn. Wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Bàbá ọdẹ tí wọ́n ti ń ṣọ́ òpópónà wa fún ọdún mẹ́fà ni gbogbo ojú yí sí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹgbẹ́ àwọn onílé ní kí wọ́n máa lọ. Mo dúró ní ojú fèrèsé, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń dá tọ́ọ̀ṣì àti fèrè àdúgbò padà. N kò sọ̀rọ̀. Màá sọ ìdí rẹ̀ kí àròkọ yìí tó parí. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣọ́ ohun ìní wọn ní ìlú wa láti ìgbà pípẹ́.

Kí ọkọ̀ tó dé Ìbàdàn, odi ni ìlú fi ń ṣọ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 1858, ní ìgbà Balógun Ìbíkúnlé, wọ́n mọ odi ńlá tí ìtàn mọ̀ sí Odi Ìbíkúnlé. Àwọn oníbodè ló ń jókòó sí ẹnu ibodè, wọ́n ń wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Ogun ni wọ́n ń sá fún, kì í ṣe olè ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò yàtọ̀ sí ti géètì tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ òpópónà ní Bódìjà àti Ring Road lónìí: dín ẹnu ọ̀nà kù, kí o sì la ojú sí èyí tó kù.

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901. Ní nǹkan bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, ó sì wà lára àwọn ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Ní 1958, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá àjọ tí yóò máa kọ́ ilé fún ará ìlú sílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àjọ yìí sì ni Bódìjà tí a mọ̀. Ọmọdé ni bàbá mi àgbà nígbà náà. Wọ́n sọ fún mi pé ní àdúgbò tí wọ́n ti dàgbà, ẹni tó ní ọkọ̀ kò ju méjì lọ, àwọn ọmọdé pàápàá sì mọ ìró ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí àlejò bá wà á, gbogbo ènìyàn á béèrè. Ojú aládùúgbò ni kọ́kọ́rọ́ nígbà yẹn.

Owó epo rọ̀bì ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Láàárín 1974 sí 1975, ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, owó tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Údójì. Ní 1975 kan náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Volkswagen pọ̀ ní Èkó, wọ́n sì ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná. Ìjàpá àti Pijó gba ojú títì kan. Ọkọ̀ kì í tún ṣe ohun tí a fi ìró rẹ̀ dá mọ̀ mọ́, nítorí pé ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló jọra. Ní 1977, bàbá mi àgbà yá owó, wọ́n ra Pijó 504 funfun. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní 1980, wọ́n gbé e sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀, kò jìnnà sí Cocoa House, ilé gíga tí wọ́n kọ́ parí ní 1965. Nígbà tí wọ́n padà dé, ilẹ̀ lásán ni wọ́n bá. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi san gbèsè ọkọ̀ tí wọn kò gùn mọ́.

Kí ni ìjọba ti ń ṣe sí olè ní gbogbo àkókò yìí? Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìbọn bọ́ sí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò yẹ kó ní in. Ní 1970, ìjọba ológun ṣe òfin pé ikú ni ìjìyà adigunjalè. Ní oṣù Kẹsàn-án 1971, wọ́n yìnbọn pa Ishola Oyenusi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní etíkun Bar Beach ní Èkó, níṣojú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Bí ẹ̀rù bá lè pa olè run, ọjọ́ yẹn ni ì bá ti tán. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọkọ̀ bàbá mi àgbà.

Ibí yìí ni mo ti ka ohun kan tó yí èrò mi padà. Ní 1961, ọdún mẹ́wàá ṣáájú ọ̀rọ̀ Bar Beach, Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ṣe òfin tirẹ̀ lórí olè ọkọ̀. Òfin yìí kò dá ẹ̀mí ẹnikẹ́ni légbodò. Ó kàn ní kí ọkọ̀ máa ní irin kékeré kan tí yóò ti sítíárìn pa bí a bá ti yọ kọ́kọ́rọ́. Bí olè tilẹ̀ so wáyà pọ̀ tí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́, ọkọ̀ náà kò ní lè yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Àti ọkọ̀ tuntun àti ògbólógbòó ni òfin náà mú, olè jíjí ọkọ̀ sì lọ sílẹ̀ gidigidi. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe irú rẹ̀ ní 1971, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tuntun nìkan ni wọ́n fi sí. Kí ni àwọn olè ṣe? Wọ́n fi ọkọ̀ tuntun sílẹ̀, wọ́n kọjú sí ògbólógbòó.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo kọ́ níbẹ̀. Èkíní ni pé ìdènà kékeré tó wà níwájú olè lágbára ju ìjìyà ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Olè kì í gbà pé ọwọ́ yóò tẹ òun, nítorí náà kì í ro ti ìbọn. Ṣùgbọ́n ó ń fi ojú ara rẹ̀ rí àgádágodo. Ìkejì ni pé bí èmi nìkan bá ti ilẹ̀kùn mi, mo kàn júwe ilé aládùúgbò mi fún olè ni.

Ohun tí ẹnì kan kò lè dá ṣe wà níbẹ̀, ìjọba kan náà kò sì lè dá a ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 sí 2003, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n jí ní Nàìjíríà ló ń gba ẹnubodè lọ sí orílẹ̀-èdè Benin. Ìjọba Nàìjíríà fi ẹ̀sùn kan Hamani Tidjani, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger tó fi Cotonou ṣe ibùgbé, pé òun ni ọ̀gá àwọn tó ń ṣe é. Ní oṣù Kẹjọ 2003, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní kí wọ́n ti ẹnubodè Nàìjíríà àti Benin pa. Àwọn oníṣòwò há sí Sẹ̀mẹ̀, ọjà di ẹrù sórí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Ọbásanjọ́ àti Ààrẹ Mathieu Kérékou pàdé ní Àgbádárìgì, wọ́n jọ ṣe àdéhùn láti fọwọ́ sowọ́ pọ̀, ẹnubodè sì ṣí. Wọ́n mú Tidjani ní orílẹ̀-èdè Mali, ó sì bọ́ sí ọwọ́ ìjọba Nàìjíríà. Nítorí olè ọkọ̀, orílẹ̀-èdè méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má bá ara wọn ṣọ̀rẹ́ mọ́.

Ọkọ̀ pẹ̀lú ti gbọ́n sí i. Láti 1998, òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní kí ọkọ̀ tuntun ní ohun tí kò ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ bí kì í bá ṣe kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gan-an la fi sí i. Wọ́n fi chip kékeré sínú orí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á bi í léèrè pé "ìwọ ta nìyẹn?", chip náà á dáhùn. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà ní Ìbàdàn lónìí ló ní irú kọ́kọ́rọ́ yìí. Nítorí náà, ó ṣòro fún olè láti wa odindi ọkọ̀ lọ bíi ti 1980. Kí ni ó wá ń ṣe? Ó ń mú u ní wẹ́wẹ́: dígí ẹ̀gbẹ́, bátìrì, iná iwájú, brain box. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, brain box wà lára àwọn tó ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀. Ìyẹn ni pé bí olè kò bá rí ẹ̀ṣọ́ kọjá, ó ń jí ẹ̀ṣọ́ gan-an gbé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ yìí ló dá mi padà sí ojú fèrèsé tí mo dúró sí. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú, mo lọ mú ṣájà fóònù mi nínú ọkọ̀. Bí mo ṣe ń mú un ni iná dé, tí gbogbo àdúgbò hó yèè. Mo sáré wọlé kí n lè fi fóònù sí iná. N kò ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, láti ìgbà tí rẹwáyà ti sọ̀rọ̀ ni mo ti mọ̀. Ẹ̀rù owó ìdánwò tó lọ ló bà mí, mo sì jẹ́ kí àgbàlagbà gbé ẹ̀bi mi lérí. Àwọn ará àdúgbò kò parọ́ pé ikú ilé ló pani. Wọn kò kàn mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé ni.

Lẹ́yìn tí mo ka ìtàn irin Jámánì tán, oorun kò kùn mí. Ní òwúrọ̀, mo jẹ́wọ́ fún màmá mi. Wọ́n dákẹ́ pẹ́, wọ́n wá ní, "Wọ bàtà rẹ." A wá Bàbá ọdẹ títí a fi rí wọn ní Ọ̀jọ́ọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Dìde, ọmọ mi. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ yẹn, mo sì wọ abẹ́ òrùlé títí tí oorun fi gbé mi. Ìwọ lo lanu ògiri, èmi ni n kò dí i." Màmá mi lọ bá àwọn onílé. Wọ́n wá bẹ Bàbá ọdẹ, wọ́n sì san owó oṣù méjì tí àdúgbò jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n Bàbá kò padà. Wọ́n ní ibi tí àwọn wà nísinsìnyí, wọ́n ń sanwó lásìkò.

Nísinsìnyí, èmi ni mo ń ti ọkọ̀ ilé wa lálaalẹ́, màá sì fa ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wò. A ti fín nọ́ńbà ọkọ̀ sára gíláàsì àti dígí rẹ̀. Rẹwáyà ti fi irin bo ojú brain box tuntun, ó sì so súìṣì kan tí ẹni márùn-ún péré mọ ibi tó wà. Abẹ́ iná ni à ń gbé e sí, a kì í fi báàgì sílẹ̀ nínú rẹ̀, nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀ sì wà nínú ìwé nílé. Bí a bá sì fẹ́ ra ẹ̀yà ọkọ̀, a máa ń gba rìsíìtì, nítorí bí kò bá sí ẹni tó ń ra ohun olè ní òkùnkùn, olè kò ní jí i.

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ìtàn ti kọ́ mi pé wọn kò tó bí a kò bá ṣọ́ ara wa pẹ̀lú òtítọ́. Ọdún tó kọjá, olè gbé brain box kan lọ ní òpópónà wa. Èmi pẹ̀lú mú orúkọ rere ẹnì kan lọ, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù kankan tí wọ́n ti ń ta òmíràn.