Owó Tí Ó Wà Lẹ́yìn Bíbélì

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé fún ọdún gbọọrọ, owó tí ènìyàn ń fi ra Bíbélì kì í ju iye tí a fi tẹ̀ ẹ́ lọ, àti pé nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ tó o? Ta ni ó ń san ìyókù?

Ní ọjọ́ 7 oṣù Máàṣì, ọdún 1804, ni a dá British and Foreign Bible Society sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bíbélì wọ́n ní Wales nígbà náà. Ìtàn tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ràn jù ni ti Mary Jones, ọmọ ahunṣọ, tí ó fi ọdún 6 tọ́jú owó, tí ó sì fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bíi máìlì 25 ní 1800 kí ó tó rí ọ̀kan rà.

Ẹni tí ó bá wọ ẹgbẹ́ náà ń san gínì kan lọ́dún, èyí tíí ṣe ṣílè 21. Tálákà kò lè san èyí. Nítorí náà, lẹ́yìn tí a dá ẹ̀ka àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Reading ní 1809, àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí gba kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn obìnrin a máa lọ láti ojúlé dé ojúlé gbà á. Bí kọ́bọ̀ rẹ bá pé owó ìwé, wọn a fún ọ ní Bíbélì tìrẹ. Ó jọ àjọ tí àwọn ìyá wa ń dá lọ́jà, àbí kò jọ ọ́? Àwọn tí ó ti ní Bíbélì ń dá tiwọn fún ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwé kò dúró de kọ́bọ̀. Kí a tó ta ẹyọ kan, a ti san owó pépà, owó atẹ̀wé, owó adìwé àti owó ọkọ̀ ojú omi. Ìtumọ̀ tún ń gba àkókò. Ìwé Róòmù tí Samuel Ajayi Crowther túmọ̀ jáde ní 1850, ṣùgbọ́n odindi Bíbélì Yorùbá di 1884. Ọdún 34! Kò sí ẹni tí yóò san owó ìwé tí kò tíì sí. Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń ní owó ìpamọ́, títí kan ogún tí àwọn òkú kọ sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìhágún.

Àwọn kan a máa bínú pé èéṣe tí owó fi wà nínú àpò nígbà tí ẹni tí kò ní ìwé ṣì wà. Ìbéèrè gidi ni. Lójú tèmi, ẹni tí ó ná owó pépà ọdún tí ń bọ̀ tán lónìí kò ṣe tálákà lóore.

Owó náà sì ní olówó. Ẹgbẹ́ yìí ń fi lára rẹ̀ tẹ Bíbélì tí ó ní Àpókírífà fún àwọn ará Yúróòpù tí wọn kò fẹ́ èyí tí kò ní in. Àwọn ará Scotland kọ̀ jálẹ̀: owó àwọn kò gbọdọ̀ ṣe é. Ní 1826 ẹgbẹ́ náà jáwọ́, síbẹ̀ ẹ̀ka Edinburgh àti ti Glasgow ya kúrò, wọ́n sì mú ìdáwó wọn lọ.

Ní 1966 ni a dá Bible Society of Nigeria sílẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn ìjọ ilẹ̀ wa fúnra wọn ń dá owó sí àpò náà.