Orúkọ Mi Àti Àyè Inú Kọ̀ǹpútà

Ní ọdún tó kọjá, èmi àti màmá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ojúẹlẹ́gba láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Nígbà tí ìwé náà jáde, "??lá" ló wà níbẹ̀. Ṣọlá ni mò ń jẹ́. Bọ̀dá tó ni ṣọ́ọ̀bù ní ká sáà kọ Sola. Inú màmá mi ò dùn. Wọ́n ní àwọn kọ́ ló sọmọ àwọn ní Sola. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú, a sì gbà.

Mo bi tíṣà kọ̀ǹpútà wa. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àyè ni, ó sì ti pẹ́.

Àtẹ tí kọ̀ǹpútà ń kó orúkọ sí jọ rẹ́jísítà kíláàsì, ìlà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń gba àyè lórí dísíìkì; báìtì la fi ń ka àyè náà. Ní 1956, iléeṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé RAMAC jáde, kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí wọ́n tà pẹ̀lú dísíìkì. Àwo ńláńlá 50 ló wà nínú dísíìkì náà, síbẹ̀ lẹ́tà mílíọ̀nù márùn-ún péré ló gbà. Ta ni yóò fi irú àyè bẹ́ẹ̀ ṣòfò? Àwọn kan tilẹ̀ ń kọ 67 dípò 1967, àṣà tó kó jìnnìjìnnì bá gbogbo ayé nígbà tí ọdún 2000 ń bọ̀.

Ní 1963, ASCII dé, àkójọ àmì tí kọ̀ǹpútà yóò máa lò. Àmì 128 ni. Kò sí ẹ, ọ, ṣ níbẹ̀. Èyí dùn mí, torí Èkó níbí ni wọ́n ti ṣèpàdé lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá ní 1875. Àkójọ mìíràn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, Latin-1, fi á kún un nítorí àwọn ará Yúróòpù ń lò ó. Ìdí nìyẹn tí "lá" fi yè nínú orúkọ mi, tí "Ṣọ" sì di àmì ìbéèrè méjì.

Ní 1992, wọ́n ṣe UTF-8, tó lè kọ lẹ́tà wa. Sola gba báìtì 4. Ṣọlá ńkọ́? Ṣ gba 3, ọ gba 3, l gba 1, á gba 2: ó di 9. Báìtì 5 ló fi lé. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ mílíọ̀nù kan ló ń jẹ́ Ṣọlá, àmì orúkọ wa nìkan ì bá kún RAMAC dẹ́nu. Lónìí, àyè yẹn kò ju ti orin kan lọ nínú fóònù màmá mi.

Tíṣà wa ṣe àtẹ kan fún kíláàsì. Báìtì 8 ni wọ́n kọ́kọ́ fún orúkọ, àtẹ náà sì kọ̀ mí. Wọ́n sọ ọ́ di 60. Mo wọlé, tàmì tàmì. Ṣùgbọ́n Sola ṣì ni mò ń jẹ́ nínú ìwé ìdánwò.