Mbárí Mbáyọ̀ àti Àwọn Tó Bá Dúró Ládípọ̀ Wí

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1962 ni ilé ọtí kan ní Òṣogbo pa iṣẹ́ dà. Dúró Ládípọ̀, tó ti ṣe olùkọ́ rí, ló ni ilé náà, Popular Bar sì ni àwọn oníbàárà mọ̀ ọ́n sí. Láti oṣù náà lọ ó di Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré, ilé àwòrán àti ibi ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ọnà. Eré tí wọ́n fi ṣí i ni Ọba M'Ọ́rọ̀, ìtàn Aláàfin Abípa tó fẹ́ kó ìjọba Ọ̀yọ́ kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́ Ilé, tí àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ lọ sì rán àwọn èèyàn ṣíwájú pé kí wọ́n lọ ṣe bí iwin, kí ẹ̀rù lè ba ọba. Lọ́dún kejì ni Ọba Kò So jáde, lọ́dún kẹta ni Ọba Wàjà. Lọ́dún kẹta yẹn kan náà, 1964, ẹgbẹ́ náà gbé Ọba Kò So lọ sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà ìlú Berlin ní Jámánì. Nígbà tó di 1965, wọ́n wà ní Britain fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń fi Berlin ṣe góńgó rẹ̀. Wọ́n á ní àwọn òyìnbó rí ohun tí ilé kò rí, wọ́n yìn ín, ìyìn náà ló sì sọ ọmọ Òṣogbo di ẹni ńlá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá fara balẹ̀ wo bí iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ṣe yí padà láàárín 1961 sí 1964, a ó rí i pé àríwísí ló mọ ọ́n, àríwísí tó le, tó sì wá láti ilé. Ìyìn dé lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti gún. Ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí à ń jiyàn lé lórí, nítorí ẹgbẹ́ kékeré ni èyí, ní ìlú tí kì í ṣe Èkó, tí kì í sì í ṣe Ìbàdàn. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a máa ń tètè gbà pé ó di dandan kí àjèjì kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí a tó mọ iyì rẹ̀.

Ìjọ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ dá iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́. Katikísì Áńgílíkà ni bàbá Ládípọ̀, inú orin ìjọ lòun náà sì dàgbà sí. Ní 1961 ó ṣe orin Àjíǹde ńlá kan fún ìjọ All Saints ní Òṣogbo, ó sì mú ìlù ìbílẹ̀ wọ inú rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ bá a wí. Ìlù tí wọ́n mọ̀ mọ́ òrìṣà, wọn kò fẹ́ kó dún níwájú pẹpẹ. Kì í ṣe pé irú rẹ̀ kò sí níbòmíràn o. Àwọn ìjọ Aládùúrà ti ń lùlù, wọ́n ti ń jó, ó ti pẹ́. Òṣèré Hubert Ògúǹdé gan-an, ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ eré tó fi bẹ̀rẹ̀ ní 1944. Ibẹ̀ ni ọ̀nà àwọn méjèèjì ti yà. Ìjọ gba Ògúǹdé mọ́ra, ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sórí ìtàgé òwò. Ìjọ kọ iṣẹ́ Ládípọ̀, ó wá di dandan fún un láti wá ibi tí ìlù náà ti ní ẹ̀tọ́ láti dún. Nínú oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà ó gbé orin Kérésìmesì rẹ̀ lọ sí ilé Mbari ní Ìbàdàn, èyí tí Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, Òṣogbo ní tirẹ̀.

Ó yẹ ká ro ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ìjọ yẹn dáadáa, nítorí a ti fi wọ́n ṣe aláìmọ̀kan jù. Ohun tó wà nídìí ìbínú wọn ni pé ìlù kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó ní ibi tó ti wá, ó ní ọ̀rọ̀ tó ń sọ, ó sì ní ẹni tó ń pè. Òtítọ́ gbáà ni. Orin tí a to ní ìlànà òyìnbó, tí a wá so ìlù mọ́ létí, àléébù ńlá wà nínú rẹ̀, bí ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ tilẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí tí oníṣẹ́ ọnà fi lè kọ̀ ọ́. Nínú Ọba M'Ọ́rọ̀, ohùn orin ìjọ ṣì ń yọ lábẹ́ ìtàn Ọ̀yọ́. Nínú Ọba Kò So, ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀, bàtá ti gba iwájú, oríkì àti ọfọ̀ ló sì ń gbé ìtàn rìn. Ẹ wo ibi tí Gbọ́nkáà ti pàdé Tìmì Ọlọ́fà-iná. Akọni méjì ni wọ́n, agbára wọn ti ń ba Ṣàngó, ọba wọn, lẹ́rù, ó sì ti dá ọgbọ́n pé kí wọ́n fi ara wọn tán ara wọn. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi pàdé lórí ìtàgé. Ọ̀kan pe ọfọ̀, èkejì fi ọfọ̀ dá a lóhùn, ìlù ń gbè é, títí oorun fi kun Tìmì lórí ìdúró, tó di ẹni tí wọ́n mú lọ sí Ọ̀yọ́. Kò sí orin ìjọ tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe Ṣàngó, irun rẹ̀ ní dídì, aṣọ pupa lọ́rùn, oṣé lọ́wọ́. Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ ń ṣe Ọya. Àwọn tó yí wọn ká kò pọ̀, ẹnì kan sì ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì: Twins Seven-Seven tí ayé wá mọ̀ sí ayàwòrán, oníjó ni nínú ẹgbẹ́ náà, Jimoh Buraimoh ló ń tọ́jú iná, Múráínà Oyèlámì ń ṣeré, ó sì ń lùlù.

Wọ́n lè bi mí pé: Ulli Beier ńkọ́? Ṣé kì í ṣe òun ló ní kí Ládípọ̀ padà sí oríkì àti ìtàn àtijọ́? Mi ò ní fi ẹ̀tọ́ ẹni dù ú. Ọmọ Jámánì yìí dé Ìbàdàn ní 1950, ó fẹ́ràn ìṣe Yorùbá tọkàntọkàn, ó wà nídìí Mbari ti Ìbàdàn àti ti Òṣogbo, òun ló sì gbé eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Mbari fi tẹ̀ wọ́n jáde ní 1964. Ṣùgbọ́n ẹni tó júwe odò fúnni kọ́ ló ni omi. Àwọn oríkì tó wà nínú Ọba Kò So wà lẹ́nu àwọn Ẹlẹ́gùn Ṣàngó àti àwọn arókin kí Beier tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ohun tó tún fi hàn pé òun kọ́ ló dá ọ̀nà náà ni pé ìlù ti wọ orin Ládípọ̀, ìjà sì ti bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ nínú ìjọ, kí orin náà tó dé Mbari rárá.

Ti Berlin náà, ìyìn yẹn jẹ́ ìyìn òdodo, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ilé rẹ̀ jẹ́ ilé ọtí lánàá kì í ṣàdédé dúró níwájú irú èrò bẹ́ẹ̀ kó má subú. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n lè dá lẹ́jọ́ níbẹ̀? Ijó, aṣọ, ìlù, ìrísí Ládípọ̀ nígbà tó bá gbé oṣé sókè. Ìdajì iṣẹ́ náà nìyẹn. Ìdajì kejì wà nínú ọ̀rọ̀, àwọn èrò Berlin kò sì gbọ́ Yorùbá. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá ọfọ̀ Gbọ́nkáà tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà kò lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí Tìmì sùn. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tí R. G. Armstrong, Robert Awujoọla àti Val Ọláyẹmí ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn fi níyì lójú mi ju ìròyìn àjọ̀dún èyíkéyìí lọ. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ eré náà sílẹ̀ lọ́rọ̀ Yorùbá rẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀. Ìgbà yẹn ni ẹni tí kò sí níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó lè fi ṣe ìdájọ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa kò tètè tẹ̀lé wọn, àìdáa ló sì jẹ́. Ní àwọn ọdún tí Ládípọ̀ fi wà lójú iṣẹ́, eré tí a kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì ló gba ọ̀pọ̀ jù nínú iṣẹ́ lámèyítọ́. Joel Adédèjì ti parí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí eré Alárìnjó ní 1969, Ṣóyínká sì fún Ọba Kò So ní àyè tó jinlẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976, níbi tó ti ń wo Ṣàngó, Ọbàtálá àti Ògún gẹ́gẹ́ bí òrìṣà orí ìtàgé. Ṣùgbọ́n ìwé Ẹbun Clark lórí Ògúǹdé jáde ní 1979, ti Bíọ́dún Jéyìífò lórí àwọn ẹgbẹ́ eré arìnrìn-àjò ní 1984. Ládípọ̀ ti kú nínú oṣù Ẹrẹ́nà 1978. Bí a bá wá ń wá ẹni tó ń ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwọn tó san owó wọlé ni. Karin Barber ti fi ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí, tí òun náà fìdí sọlẹ̀ sí Òṣogbo, hàn wá pé inú bí èrò ṣe ń dáhùn ni eré Yorùbá ti ń dàgbà láti alẹ́ kan sí èkejì. Èrò tó mọ oríkì Ṣàngó lórí kò nílò ìwé ìròyìn láti sọ fún òṣèré pé ó ṣì í.

Ẹ̀sùn kan wà tó yẹ ká dáhùn. Àwọn kan ní Ládípọ̀ sá sínú ìtàn ọba nígbà tí ilé ń jó. Wọ́n á tọ́ka sí Ògúǹdé, ẹni tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè ní 1964 nítorí eré rẹ̀ Yorùbá Ronú. Ẹ̀sùn yìí wúwo, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìgbà tí Ọba Kò So jáde. Ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ti pín sí méjì ní 1962, ìjọba pàjáwìrì sì ti dé sí Ìwọ̀-Oòrùn láti oṣù Èbìbí ọdún náà. Ní 1963, níwájú èrò tó ń gbé inú ìdààmú yẹn, Ládípọ̀ gbé aláṣẹ kan jáde tí kò lè kápá àwọn akọni rẹ̀, tó kì wọ́n sí ara wọn lọ́wọ́, tí ìjà náà sì padà wá wó ilé tirẹ̀. Ògúǹdé sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba, ó sì jìyà rẹ̀. Ládípọ̀ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ní etí. Mi ò rí ìdí tí a ó fi sọ pé ọ̀kan gbójú ju èkejì lọ lórí ìtàgé, bó tilẹ̀ dájú pé ìyà tí wọ́n jẹ yàtọ̀.

Lórí Ọba Wàjà, mo gbà fún àwọn alámèyítọ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ Ọ̀yọ́ ọdún 1945 ló dá lé, nígbà tí ọ̀gá òyìnbó dí Olókùn Ẹṣin lọ́wọ́ láti bá Aláàfin tó wàjà lọ. Ṣóyínká fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ṣe Death and the King's Horseman ní 1975, ó sì dárúkọ eré Ládípọ̀ níwájú ìwé rẹ̀. Nínú eré Ládípọ̀, orí òyìnbó ni ẹ̀bi pọ̀ sí jù. Ṣóyínká wọ inú ọkàn Ẹlẹ́ṣin, olókùn ẹṣin inú eré tirẹ̀, lọ, ó sì bá iyèméjì pàdé níbẹ̀. Ti Ládípọ̀ fúyẹ́ sí tirẹ̀.

Èyí tó ṣòro jù láti dáhùn ni ẹjọ́ àwọn ọlọ́ṣàngó. Ìtàn inú Ọba Kò So sún mọ́ èyí tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1921, Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì ti kọ̀wé láti fi hàn pé àwọn òǹkọ̀wé onígbàgbọ́ ló ba orúkọ Ṣàngó jẹ́, tí wọ́n sọ ọ́ di ìkà. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé Ládípọ̀ tí ìjọ kọ̀ nítorí ìlù ṣì gbé ìtàn ìjọ sórí ìtàgé láìfura. Mo rò pé òtítọ́ wà nínú ẹjọ́ náà dé ìdajì. Ṣàngó inú eré náà ń binú, ó sì ń pani. Ṣùgbọ́n igbe àwọn olùfọkànsìn fúnra wọn, “Ọba kò so,” ni Ládípọ̀ fi sọ eré náà lórúkọ, òun kan náà ni eré náà sì parí lé. Ẹni tó fẹ́ ba òrìṣà jẹ́ kì í fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sẹ́nu àwọn ọmọ òrìṣà. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí, kò sì yẹ kó parí sí Gẹ̀ẹ́sì nìkan.

Lẹ́yìn ikú Ládípọ̀, Abíọ́dún kò jẹ́ kí eré náà kú. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni kíkọ sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ṣì wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí wọ́n ń ṣeré ní gbọ̀ngàn ilé ìwé àti ní àgbàlá, tí kò sí ẹni tó ń kọ gbólóhùn kan nípa iṣẹ́ wọn ní Yorùbá. Ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ẹ̀yin akọ̀ròyìn, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀, ẹ lọ wò wọ́n. Bó bá dára, ẹ kọ ọ́. Bí ìlù kò bá bá ọ̀rọ̀ mu, bí ọfọ̀ bá já, ẹ kọ ìyẹn náà, kí ẹ sì kọ ọ́ ní èdè tí òṣèré náà fi ṣeré.