Bí A Bá Ń Sunkún, A Máa Ń Ríran: Àjàyí Crowther àti Ìgbẹ́kẹ̀lé Nínú Ìpọ́njú



Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá dárúkọ Samuel Àjàyí Crowther ní kíláàsì, ìwé ló máa ń wá sí wa lọ́kàn: ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe ní 1843, ìwé gírámà rẹ̀, àti Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní 1884. Baba ìwé ni fún àwa tí a ń kọ́ èdè yìí. Ṣùgbọ́n kí ó tó di baba ìwé, ọmọ tí wọ́n so okùn mọ́ lọ́rùn ni. Ìtàn ọmọ yẹn ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí àwọn kan nínú wa ń la àsìkò líle kọjá, wọ́n sì ń bèèrè bóyá ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run lè bara jẹ́.

Ní 1821, ogun wọ Òṣogùn, ìlú kan ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Bàbá Àjàyí sáré wálé láti sọ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ogun. Àjàyí kò rí i mọ́. Wọ́n mú Àjàyí, ìyá rẹ̀ Àfàlá, àtàwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin. Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, wọ́n fi ọmọ náà ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Ẹṣin ọ̀hún kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá a padà, wọ́n sì dá ọmọ náà padà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún tà á, tí wọ́n ń tà á láti ọwọ́ kan sí òmíràn títí ó fi dé Èkó.

Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, Crowther kò fi ohun tí ojú rẹ̀ rí pamọ́. Ó sọ pé nígbà tí ẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ ta òun fún àwọn Potogí gba òun lọ́kàn, òun gbèrò láti pa ara òun, àmọ́ òun kò ní ìgboyà láti ṣe é dópin. Ẹni tó wá di bíṣọ́ọ̀bù ló kọ èyí sílẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Kò rò pé ìtìjú ni.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Myrmidon gba ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Potogí. Wọ́n kó wọn lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ló ti mọ̀wé, níbẹ̀ ló sì ti ṣèrìbọmi ní 1825.

Nínú lẹ́tà kan náà, ó pe ọjọ́ tí wọ́n mú un lẹ́rú ní ọjọ́ ibi, ó sì tún pè é ní ọjọ́ ìbùkún. Ọ̀rọ̀ yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Ẹnìkan bèèrè pé, ṣé Ọlọ́run ló wá rán àwọn akónilẹ́rú? Ìdáhùn tí a fẹnu kò lé lórí ni pé Crowther kò fi ìkejì pa èkíní rẹ́. Ibi ṣì ń jẹ́ ibi. Ohun tó ń sọ ni pé ibi náà kò lágbára tó láti gba òun lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìgbẹ́kẹ̀lé kì í ṣe kéèyàn máa pe ewúro ní oyin.

Ó tún kọ́ bí a ṣe ń dúró. Ní 1845 ó dé Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta ló sì ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ tó ṣèlérí láti gbà wọ́n ti kú, ọ̀nà sì dí. Ó lé lọ́dún kan tí wọ́n fi dúró síbẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní ọjọ́ 21, ìyá rẹ̀ dé. Lẹ́yìn ọdún 25! Ara Àfàlá ń gbọ̀n, kò gbà pé ọmọ òun ni. Crowther kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ rẹ̀ pé ẹsẹ Bíbélì tó bọ́ sí ọjọ́ náà wá láti inú Sáàmù, èyí tó sọ pé Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́ ọmọ aláìníbaba. Ní 1848, Àfàlá ṣèrìbọmi, ó sì gba orúkọ Hánà, ìyá Sámúẹ́lì.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìwàásù máa ń parí ìtàn náà sí. Àwa kò fẹ́ parí ẹ̀ síbẹ̀. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Ní 1890, nígbà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tàbí lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó dójú tì í níbi ìpàdé ní Onitsha, wọ́n sì dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, títí kan ọmọ rẹ̀ Dandeson. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ìyá tó dé lẹ́yìn ọdún 25 láti fi dún un nínú. Síbẹ̀ kò fi Ọlọ́run sílẹ̀, kò sì fi ìjọ sílẹ̀. Dandeson náà kò dákẹ́: ní 1892 òun ló ṣáájú ìjọ Niger Delta tó dá dúró lábẹ́ àkóso ara wọn. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run lè kọ ìyà.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Crowther sunkún, ó sì ríran. Bí ọ̀nà bá dí mọ́ ọ lọ́wọ́lọ́wọ́, bóyá èsì ìdánwò ni, bóyá àìsàn, bóyá ọ̀fọ̀, má ṣe rò pé omijé rẹ fi hàn pé ìgbàgbọ́ rẹ ti kú. Bó bá wá di pé ayé sú ọ pátápátá, má dá a gbé. Sọ ọ́ fún ẹnìkan, bí Crowther náà ṣe sọ tirẹ̀.