Báńjò Olókùn Mẹ́fà Nínú Orin Ìbílẹ̀ Írẹ́lándì

Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé àlejò ni báńjò olókùn mẹ́fà jẹ́ nínú orin ìbílẹ̀ Írẹ́lándì, pé olókùn mẹ́rin nìkan ni onílé. Mo fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí ìtàn kò gbè wọ́n.

Àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣe báńjò. Hans Sloane ṣàpèjúwe irú rẹ̀ tí ó rí ní Jàmáíkà nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1707. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn eléré aláwọ̀ funfun tí ń kun ojú wọn ní dúdú gbé e dé Írẹ́lándì. Olókùn mẹ́rin pàápàá, inú ẹgbẹ́ eléré ijó ìgbàlódé ni ó ti wá. Barney McKenna, ọmọ ẹgbẹ́ The Dubliners, ni ó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká láti àwọn ọdún 1960. Àlejò ni àwọn méjèèjì, ọ̀kan kàn ṣáájú èkejì wọlé ni.

Ìyàtọ̀ wọn wà ní ọwọ́. Bí a ti ń to ohùn okùn gìtá ni a ń to ti olókùn mẹ́fà. Àlàfo ohùn láàrin okùn rẹ̀ kò fẹ̀ tó ti olókùn mẹ́rin tí a tò bíi gòjé òyìnbó, nítorí náà ìka ọwọ́ òsì kì í nà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ní láti máa fò láti okùn dé okùn léraléra. Ohùn báńjò kì í pẹ́ kú. Ìdí nìyí tí eléré fi ń gé ohùn gígùn kan sí mẹ́ta wéréwéré: sísàlẹ̀, sókè, sísàlẹ̀. Nínú reel, ọwọ́ a máa lọ sísàlẹ̀ sókè ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Nínú jig, ọ̀pọ̀ eléré a máa bẹ̀rẹ̀ ìdìpọ̀ mẹ́ta kọ̀ọ̀kan láti òkè sísàlẹ̀, kí ìtẹ̀sẹ̀ ijó lè hàn.

Ní Èkó, Túndé King fi báńjò olókùn mẹ́fà kọ orin jùjú ní àwọn ọdún 1930, kò sì sí ẹni tí ó ní orin rẹ̀ kì í ṣe ti Yorùbá. Ní tèmi, ọwọ́ tí ń ta okùn ni ó ń sọ ohun èlò di ọmọ ilé. Ẹni tí ó bá ń lé àlejò, kí ó rántí ẹrú tí ó kọ́kọ́ fi awọ bo igbá.